Ìlànà Onílé, Ìlànà Àlejò: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Ààyò nínú Ètò Ìtọ́jú Fáìlì Kọ̀ǹpútà

   

1. Ìfáàrà

Ẹnu lè ya àwọn kan pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí fáìlì kọ̀ǹpútà. Wọn lè béèrè ohun tí ó kan ẹni tí ń kọ́ni ní ìjálá àti oríkì nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìdáhùn mi kò gùn. Nígbà kan, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni a ń kó ìwé àti téèpù tí a fi gba ohùn àwọn apohùn sí. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà ni púpọ̀ nínú wọn wà. Bí ẹni tí ó ni ẹrù kò bá mọ ìlànà tí wọ́n fi to ilé tí ó kó ẹrù rẹ̀ sí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò wá a tì.

Ètò ìtọ́jú fáìlì ni ètò tí ó ń fi fáìlì hàn wá, tí ó ń jẹ́ kí a ṣí wọn, kí a kó wọn láti ibì kan sí òmíràn, kí a yí orúkọ wọn padà, tàbí kí a pa wọ́n rẹ́. Explorer ni ti Windows. Finder ni ti Macintosh. Lórí Linux, Nautilus, tí wọ́n ń pè ní Files báyìí, àti Dolphin wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní ojú ìwé kan níbi tí a ti lè yan bí a ṣe fẹ́ kí ó máa ṣe. Yíyàn yẹn ni mo ń pè ní ààyò.

Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé kò sí ètò tí kò ní ààyò. Bí a kò bá yan tiwa, ti ẹni tí ó ṣe ètò náà ni a ń lò, ìbáà ṣe pé a mọ̀ tàbí a kò mọ̀.

2. Àfiwé kan àti ohun tí ó bò mọ́lẹ̀

Ní ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ Xerox gbé kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Star jáde. Ojú rẹ̀ dà bí orí tábìlì ọ́fíìsì: àwòrán ìwé wà níbẹ̀, àwòrán fódà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Apple tẹ̀ lé e pẹ̀lú Lisa ní 1983 àti Macintosh ní 1984. Ní 1995, Windows 95 mú Explorer wá. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni gbogbo èyí. Kò sí tábìlì nínú kọ̀ǹpútà, kò sì sí fódà. Ṣùgbọ́n àfiwé náà wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rántí mọ́ pé àfiwé ni.

Gbogbo àfiwé ni ó ń fi nǹkan kan hàn, tí ó sì ń bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ìwé tí mo bá fi ọwọ́ mi tì bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà níbi tí mo fi í sí. Nínú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ṣí fódà ni ètò náà ń pinnu ohun tí yóò fi hàn mí, ohun tí yóò fi pamọ́, àti èyí tí yóò ṣíwájú.

3. Ohun tí ètò fi pamọ́

Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà, ó ju òje lọ. Lórí Unix àti Linux, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró kì í hàn, àfi bí a bá ní kí ó hàn. Nínú Nautilus, kọ́ńtírólù àti H ni a ó tẹ̀ pọ̀ kí a tó rí i. Rob Pike, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí Unix ní Bell Labs, ti ṣàlàyé pé àṣà yìí kò ti inú ìpinnu kankan wá. Àwọn orúkọ méjì kan tí ètò náà ń lò fún ara rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́, tí ọ̀kan jẹ́ àmì ìdánudúró kan, tí èkejì jẹ́ méjì. Ọ̀nà àbùjá tí wọ́n gbà kọ ọ́ wá fi gbogbo orúkọ tí ó bá ní àmì náà níwájú pamọ́. Àṣìṣe náà di àṣà, àṣà sì di òfin.

Ti Windows tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ fáìlì ni ó ní àfòmọ́ ìparí lára orúkọ rẹ̀, èyí tí ó ń sọ irú ohun tí ó jẹ́. Títí di òní, bí a kò bá yí ààyò padà, Windows kì í fi àfòmọ́ tí ó bá ti mọ̀ hàn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, lẹ́tà kan tàn ká ayé lórí kọ̀ǹpútà. Fáìlì tí ó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Windows gé «vbs» kúrò lójú; ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ni TXT, wọ́n sì gbà pé ìwé lásán ni. Wọ́n ṣí i, ó sì ba fáìlì wọn jẹ́. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹni tí a bá gé ìdajì orúkọ rẹ̀ kúrò, a kò ní ìjánu rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Nítorí náà, ààyò kìn-ín-ní tí mo ń gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti yí padà nínú Explorer ni èyí: kí ó ní kí orúkọ fáìlì máa hàn tán.

4. Títo orúkọ ní ìlànà Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èdè wa gan-an. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá ní lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nínú rẹ̀, ẹ kì í ṣe e tí a fi àmì sí nísàlẹ̀. Lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni, ẹ̀yìn e ni ó sì ń wà. Bákan náà ni ọ ń tẹ̀ lé o, tí ṣ ń tẹ̀ lé s, tí gb sì ń tẹ̀ lé g.

Bí mo bá ní fódà fún ewì, ẹkún ìyàwó àti ẹ̀sà, bí mo ṣe kà wọ́n yẹn gan-an ni ó yẹ kí wọ́n tò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a fi sí ìlànà èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò tò wọ́n báyìí: ẹkún ìyàwó, ẹ̀sà, ewì. Ojú e ni ó fi ń wo ẹ. Oríkì, òwe àti ọfọ̀ yóò di ọfọ̀, oríkì, òwe. Gbẹ̀du yóò ṣíwájú gẹ̀lẹ̀dẹ́. Èyí tí ó tún burú jù ni ètò tí ń lo nọ́ńbà inú ẹ̀rọ nìkan láti fi to lẹ́tà: yóò ti gbogbo ohun tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ àti ọ sẹ́yìn yùngbà, bí ẹni pé àlejò ni wọ́n nínú èdè tiwọn.

Àtúnṣe wà fún èyí, ṣùgbọ́n kì í sábà sí nínú ojú ìwé ààyò ètò ìtọ́jú fáìlì fúnra rẹ̀. Ìlànà èdè tí a yàn fún kọ̀ǹpútà lápapọ̀ ni títò orúkọ sábà ń tẹ̀ lé. Linux ní ìlànà kan fún Yorùbá ti Nàìjíríà, tí a kọ báyìí: yo_NG. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ wo ìlànà ilé kí ẹ tó dá fódà lẹ́bi.

5. Orúkọ kan, fáìlì méjì

N kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà pamọ́. Lẹ́tà ẹ tí ó ní àmì ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ́: a lè mú ẹ kí a fi àmì ohùn lé e, a lè mú é kí a fi àmì sí i nísàlẹ̀, a sì lè mú e lásán kí a fi àmì méjèèjì sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú Windows àti Linux, orúkọ mẹ́ta ni wọ́n, fáìlì mẹ́ta sì lè jẹ́ wọn nínú fódà kan ṣoṣo.

Mo bá fáìlì méjì pàdé bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Orúkọ ọdẹ àgbà kan ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Àwòrán ńláńlá ni wọ́n fi ń hàn; kò sí ìwọ̀n, kò sí ọjọ́ tí a kọ wọ́n. Mo rò pé ẹ̀dà ni ọ̀kan, mo pa á rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀dà. Òun ni àkọsílẹ̀ tí mo fi àlàyé baba náà kún, ọ̀rọ̀ ijinlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo sáré lọ sí ààtàn kọ̀ǹpútà náà, mo bá a lófìfo. Ẹnì kan ti yàn án láti ọjọ́ pípẹ́ pé ohun tí a bá pa rẹ́ kò gbọdọ̀ gba ààtàn kọjá. Téèpù ìjálá náà ṣì wà. Ṣùgbọ́n baba tí ó lè sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti wàjà.

Ààyò mẹ́ta ni ìbá gbà mí: kí fáìlì máa tò ní ìlà pẹ̀lú ìwọ̀n àti ọjọ́ rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa bi mí kí ó tó pa nǹkan rẹ́, kí ohun tí a pa rẹ́ sì kọ́kọ́ sùn ní ààtàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

6. Ta ni ó ni àṣẹ?

Àríyànjiyàn wà láàrin àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ lórí iye ààyò tí ó yẹ kí ètò ní. Ní 2002, Havoc Pennington, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe GNOME, kọ àròkọ kan tí ó fi ṣàlàyé pé gbogbo ààyò ni ó ní iye tí ó ń náni: ó ń mú kí ètò ṣòroó yẹ̀ wò, ó sì ń dá oníṣẹ́ lágara. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ní 2004, Nautilus bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fèrèsé tuntun fún fódà kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dùn sí i, ní 2010 wọ́n sì yí i padà. Ní 2012, wọ́n yọ ọ̀nà tí a fi ń pín fèrèsé sí méjì kúrò. Àwọn tí ń ṣe Linux Mint kò gbà. Wọ́n mú Nautilus, wọ́n sọ ọ́ di ètò tuntun tí ń jẹ́ Nemo.

Ìhà kejì náà ti yí ọkàn padà rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni KDE fi ń ṣí fáìlì bí a bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2024, nínú Plasma 6, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ti àtijọ́. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Èrò tèmi ni pé ètò lè dín ààyò kù níbi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ẹwà ojú lásán. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá kan èdè, orúkọ, àti ìparun ohun tí a kò lè rí mọ́, àṣẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ onílé.

7. Ìgúnlẹ̀

Ní 1974 ni a fi ẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá tí a ń lò ní ilé-ìwé. Àwọn tí ó jókòó lórí rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Iṣẹ́ wọn kò tíì parí. Ó ti dé inú kọ̀ǹpútà báyìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bí ẹ bá padà sídìí kọ̀ǹpútà yín ní alẹ́ òní, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ṣí ojú ìwé ààyò. Ẹ ka ohun tí ẹlòmíràn ti yàn fún yín. Èyí tí ó bá dára, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá bá ilé yín mu, ẹ yí i padà, kí ohun tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ má baà sọnù nítorí bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí a kò wò.