Sípíríńgì Ọkọ̀ Akẹ́rù: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹni Tó Ni Ọkọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ sọ níbi àpéjọ)

  

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi. Irin abẹ́ ọkọ̀ ni mo ń tà. Mo sì mọ̀ pé nínú wa tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan ti fi owó ìfẹ̀yìntì ra típà tàbí 911, wọ́n sì fà á lé dírẹ́bà lọ́wọ́. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Àwọn olùkọ́ físíìsì wa kọ́ wa ní òfin Hooke, èyí tí ọkùnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà tẹ̀ jáde ní 1678: bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni sípíríńgì ṣe ń tẹ̀ tó, títí dé ààlà kan. Bó bá ti kọjá ààlà yẹn, kò ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Ẹ lọ wo ọkọ̀ yín lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú nígbà tí kò gbẹ́rù. Bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ṣeé ṣe kí sípíríńgì ẹ̀gbẹ́ yẹn ti rẹ̀, tàbí kó ti ṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ọjà. Bí ẹ bá rán ènìyàn sí Ládípọ̀ ní Muṣin, ẹ má kàn ní kó ra "sípíríńgì ẹ̀yìn". Kó ka iye bíléèdì tó wà lára ti àtijọ́, kó wọn fífẹ̀ àti nínípọn wọn. Kó wọn gígùn láti bóòtù àárín dé ojú ihò iwájú, kó sì wọn ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, torí wọ́n lè má dọ́gba. Bí wọ́n bá sì máa pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún-tòsì ni. Tuntun lápá kan, ògbólógbòó lápá kejì, ọkọ̀ á máa tiro.

Ṣé tòkunbọ̀ lẹ fẹ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà rẹ̀ kúrò. Kí wọ́n fi kẹrosíìnì pa á, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n wá lọ ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kúnná, kí wọ́n fi pa á lára. Bó bá sán níbì kan, kẹrosíìnì tó sá pamọ́ síbẹ̀ á jáde, ẹ ó sì rí ìlà dúdú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò bóòtù àárín dáadáa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wẹ́dà á bá yín jó o. Irin sípíríńgì yàtọ̀ sí irin géètì. Wọ́n ti fi iná tọ́ ọ ní ilé iṣẹ́ kó lè le, kó sì máa tẹ̀ láìṣẹ́. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, agbára yẹn ti lọ nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní kí ẹ fi bíléèdì méjì kún un kó lè gbẹ́rù sí i. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n á fi kún bíréèkì náà? Táyà ńkọ́? Áksù ńkọ́?

Yúbóòtù ló di sípíríńgì mọ́ áksù. Bí wọ́n bá ti tú u, tuntun ni kí ẹ fi dípò, torí èyí tí wọ́n ti fún rí ti nà. Lẹ́yìn ẹrù àkọ́kọ́, kí wọ́n tún un fún. Bó bá dẹ̀, bóòtù àárín á já, áksù á sún, ọkọ̀ á wá máa fẹ̀gbẹ́ rìn lójú títì.

Píìnì àti ṣákù ń fẹ́ gírísì lóòrèkóòrè. Kí wọ́n fi jáàkì gbé férémù kí ẹrù kúrò lórí píìnì, kí wọ́n fi igi líle tì í, kí wọ́n sì fún gírísì sí i títí ti àtijọ́ á fi jáde. Búṣì onírọ́bà kò fẹ́ gírísì o, ńṣe ló ń ba rọ́bà jẹ́. Ní ti ṣọ́kù, bí dírẹ́bà bá ti ọ̀nà jíjìn dé, kó rọra fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó tutù láàárín wọn, owó oṣù lásán ló ń gbà.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù rèé. Dírẹ́bà ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé bíléèdì ti ṣẹ́. Bó bá sọ fún yín, tí ẹ ní "ìwọ lo bà á jẹ́, a ó yọ ọ́ nínú owó rẹ", kò ní sọ fún yín mọ́ láéláé. Á fi rọ́bà so ó, á sì gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 1978, níbi tí bọ́ọ̀sì elérò ti ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí bíléèdì àgbà iwájú bá ṣẹ́ lórí eré, áksù lè sún sẹ́yìn lápá kan, kí ọkọ̀ já lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ mọ́tò tó jókòó sórí yanrìn náà ní ìyá nílé.

Torí náà, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà tó bá mú irú ìròyìn yẹn wá. Ẹ máa ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìrìn kọ̀ọ̀kan fún irin abẹ́ ọkọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin sì ni àgbà ọjà yìí.