Ẹ Béèrè Ọdún Tí Wọ́n Kọ́ Ilé Náà

Ẹ̀yin ìyá tí ọmọ yín bímọ sí Amẹ́ríkà, tí ẹ sì ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti lọ wẹ ọmọ, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ ti di ẹ̀gúsí, ẹ ti di irú. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ilé tí ọmọ yín ń gbé.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Láyé àtijọ́, wọ́n a máa po òjé mọ́ ọ̀dà ilé níbẹ̀. Ọdún 1978 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fòfin dè é nínú ilé gbígbé. Ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ìgbà náà lè ní in lára títí di òní, lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí ń dán. Bí ọ̀dà náà bá ń ṣí, tàbí tí fèrèsé tí à ń gbé sókè gbé sísàlẹ̀ bá ń họ ọ́, eruku ni yóò dà. Ọmọ tí ń rákò a fi ọwọ́ kan ilẹ̀, a sì ki ọwọ́ náà bọ ẹnu. Òjé a wọ inú ẹ̀jẹ̀, a sì ba ọpọlọ jẹ́. Kì í hàn lójú; ọmọ lè máa rẹ́rìn-ín, kí ó máa sanra. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń tú u fó.

(Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ tìróò kúrò nínú ẹrù. Ní 2011, ní Boston, tìróò láti Nàìjíríà ni wọ́n rí pé ó kó òjé sí ọmọ ọwọ́ kan lẹ́jẹ̀.)

Ẹ má sì mú ọ̀bẹ láti ha ògiri náà fúnra yín. Gbogbo ilé ni eruku rẹ̀ yóò gbà. Àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n ní ìwé ẹ̀rí ni iṣẹ́ náà yẹ, owó wọn kò sì kéré.

Owó ìrànlọ́wọ́ wà. Láti ìgbà òfin ọdún 1992, ìjọba àpapọ̀ ń gba ọwọ́ iléeṣẹ́ ọ̀ràn ilé, tí wọ́n ń pè ní HUD, fún àwọn ìlú àti ìpínlẹ̀ lówó láti fi tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ti ìdílé tí owó tí ń wọlé fún wọn kò pọ̀ ni, pàápàá bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 bá ń gbé ibẹ̀, tàbí tí ó máa ń pẹ́ níbẹ̀. Níbòmíràn ọ̀fẹ́ ni. Níbòmíràn ẹ̀yáwó ni, tí wọ́n ń fi jin onílé tí ó bá gbé ibẹ̀ pé iye ọdún tí wọ́n dá.

Ayálégbé ńkọ́? Onílé ni yóò tọwọ́ bọ̀wé, ṣùgbọ́n ayálégbé lè gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ ọ́ lọ. Bí ojú bá ń ti ọmọ yín, ẹ sọ fún un pé onílé tí ó bá gba owó yìí, òfin ní kí ó máa fi ìdílé ọlọ́mọ kékeré ṣáájú nígbà tí ó bá ń gba ayálégbé, fún ọdún 3 ó kéré tán.

Kí ọmọ yín lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìlera ìlú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlú ni owó náà wà, ibi tí ó sì wà, ìlà a máa gùn. Kí ó tètè lọ kọ orúkọ. Títí àwọn oníṣẹ́ yóò fi dé, aṣọ tútù ni kí ẹ máa fi nu ilẹ̀ àti ojú fèrèsé, kí ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ. Ẹ gbé ibùsùn ọmọ kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ẹ máa fọ ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó jẹun. Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò o.