Ọdún 1994 Lẹ́nu Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ gbé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù wá síbí. Ìtàn ni mo bá lọ síbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọdún ni àwọn baba wa fi ń pe ọdún. Bí àgbàlagbà Ẹ̀gbá kan bá ní ọdún ogun Àdùbí ni wọ́n bí òun, ẹni tó mọ ìtàn mọ̀ pé 1918 ni ó ń wí. Ní agbègbè ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti Ìkẹjà, tó gba Ọ̀gbà dé Agége, orúkọ méjì ni mo ti gbọ́ fún ọdún 1994. Àwọn kan ń pè é ní ọdún góòlù Yẹkínì, àwọn mìíràn sì ń pè é ní ọdún ìyanṣẹ́lódì. Èrò mi ni pé ìtàn kan ṣoṣo ni orúkọ méjèèjì ń sọ, àwa tí a ń pín in sí méjì ni a ń ba adùn rẹ̀ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ti bọ́ọ̀lù. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹrin, ní ìlú Tunis, Nàìjíríà fi góòlù 2 sí 1 borí Sáḿbíà, a sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Emmanuel Amuneke ló gbá méjèèjì wọlé. Lẹ́yìn èyí ni a lọ sí ìdíje Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, ibi tí ẹsẹ̀ wa kò tíì dé rí. Ọjọ́ 21, oṣù kẹfà, ni a pàdé Bùlùgéríà ní Dallas, ṣùgbọ́n aago méjìlá òru ti kọjá ní Èkó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 21, Finidi George fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí iwájú ilé, Raṣídì Yẹkínì sì tì í wọlé. Ó sáré wọ inú ilé náà, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń ké. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá wọlé nínú Ife Àgbáyé nìyẹn. Mẹ́ta sí òdo ni eré náà parí sí.

Níbo ni ẹsẹ̀ yẹn ti wá? Kaduna ni wọ́n bí Yẹkínì sí, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ UNTL, ilé-iṣẹ́ ahunṣọ tó wà níbẹ̀. Ó lọ sí Shooting Stars ní Ìbàdàn, ó sì tún wọ Abiola Babes, ẹgbẹ́ tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá fi owó ara rẹ̀ bọ́. Amuneke ńkọ́? Julius Berger ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù, ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń la ọ̀nà tó sì ń ṣe afárá. Ibẹ̀ náà ni Sunday Oliseh ti kọjá. Báńkì kan ní Benin ni Stephen Keshi, balógun wọn, ti gbá bọ́ọ̀lù fún. Bí a bá ń yin ìjọba fún ọdún yẹn (a sì yìn ín jù), ilé-iṣẹ́ ló tọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà.

Ẹ bá mi padà sí Ìkẹjà, ilẹ̀ tí ó ti di ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kí ó tó bọ́ sínú Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹfà, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú góòlù yẹn, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní Ààrẹ ní Epétedó, nítorí ìbò ọdún 1993 tí àwọn ológun wọ́gi lé. Ìjọba ológun ti ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn rẹ̀, Concord, pa, wọ́n sì ti Punch náà. Agbègbè Ìkẹjà ni àwọn méjèèjì wà. Ní ọjọ́ 23, wọ́n mú un nílé rẹ̀ ní Ìkẹjà. Ariwo góòlù Yẹkínì kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ọkùnrin tó bọ́ ẹgbẹ́ Yẹkínì wọ àtìmọ́lé.

Ní ọjọ́ 4, oṣù keje, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà fún, da iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tú Abíọ́lá sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ àwọn ilé-iṣẹ́ wa mọ̀ pé wọn kì í gbójú lé iná NEPA nìkan. Bí kò bá sí dísẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ yóò dákẹ́. Bí kò bá sí bẹntiróòlù, dáńfó kò ní rìn, òṣìṣẹ́ kò ní dé ẹnu iṣẹ́.

Ọjọ́ kejì ìyanṣẹ́lódì náà, ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ni a pàdé Ítálì. Àbúrò bàbá mi ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọba Akran, Agége ni ó ń gbé. Iná lọ. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n wá epo fún jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, gbogbo agboolé sì péjọ síwájú amóhùnmáwòrán. Òun nìkan ni mo gbọ́ tó so orúkọ méjèèjì ọdún náà pọ̀: “Epo tó wọ́n nítorí ọ̀gá Yẹkínì ni mo fi wo Yẹkínì.”

Ó mọ ìtàn náà sọ. Amuneke gbá tiwa wọlé ní ìṣẹ́jú 25. Wọ́n fún Zola ní káàdì pupa, Ítálì ku ènìyàn mẹ́wàá. Bàbá yóò máa ka ìṣẹ́jú: 80, 85, 87. Ní ìṣẹ́jú 88 ni Roberto Baggio dá góòlù náà padà. Ní àfikún àkókò ni ó fi bọ́ọ̀lù gbé-sílẹ̀-gbá-sílé lé wa kúrò. Àbúrò bàbá mi kò sọ ibẹ̀ rí. Bí ó bá ti dé 87, yóò ní ibẹ̀ ni epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, tí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Mo wà níbẹ̀. Epo kò tán.