Kí Ni Ká Máa Kà ní Èsìẹ́?

[Ìlù bẹ̀rẹ̀, ó rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn olùsọ̀tàn wọlé.]

Ní ọdún 1945, wọ́n ṣí ilé kan ní Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti máa tọ́jú àwọn ère òkúta. Ilé yẹn ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Nígbà náà, Jos kò tí ì ní, Ifẹ̀ kò tí ì ní, Èkó pàápàá kò tí ì ní. ICOM, ìyẹn àjọ àwọn mùsíọ́ọ̀mù lágbàáyé, gan-an, ọdún 1946 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Paris.

Àwọn ère tó wà níbẹ̀ ju 800 lọ. Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí, àwọn kan gbé ohun ìjà dání, àwọn mìíràn di ohun èlò orin mú, irun orí wọn sì jẹ́ àrà tó ń dá ẹni tó bá wò wọ́n dúró. Òkúta tó rọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kéré, èyí tó ga jù sì lé ní mítà kan. Àwọn onímọ̀ kò tí ì fẹnu kò lórí ẹni tó gbẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa ń béèrè lọ́wọ́ ara wọn lópin ọdún: báwo la ṣe máa mọ̀ pé irú ilé báyìí ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ?

Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ó rọrùn láti kà, ó sì rọrùn láti kọ sínú ìwé ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà lè máa gòkè nígbà tí òjò ń jò sórí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ń gbowó. Ìyá aláṣọ tó ka owó àpò rẹ̀ lálẹ́ ní ọjà Òmù-Àrán, tí kò ka aṣọ tó kù lórí àtẹ, kò tí ì mọ̀ bóyá èrè ló jẹ tàbí gbèsè.

Iye àlejò ńkọ́? Ìyẹn náà ní ọ̀rọ̀ nínú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2001, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí owó ìwọlé ní àwọn mùsíọ́ọ̀mù ìjọba tó ṣì ń gbà á. Èrò ya wọ ibẹ̀. Owó tíkẹ́ẹ̀tì di òfo, àlejò sì pọ̀ sí i gidigidi. Bí ẹnì kan bá gbé ìwé owó nìkan yẹ̀ wò, á ní nǹkan ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ka orí àlejò á ní nǹkan dára. Kò sí ẹni tó lè dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì láìkọ́kọ́ béèrè ohun tí ìjọba ń lépa, pé kí gbogbo ará ìlú, olówó àti aláìní, lè wọlé.

[Ìlù díẹ̀.]

Ohun tí Robert Kaplan àti David Norton, àwọn onímọ̀ nípa bí a ṣe ń darí iṣẹ́, rí nìyẹn ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì kọ jáde ní ọdún 1992. Wọ́n ní owó ń sọ ohun tó ti kọjá lọ fún ilé iṣẹ́, kò sọ ohun tó ń bọ̀. Nítorí náà, wọ́n ní kí ọ̀gá máa wo ibi mẹ́rin pọ̀: owó, oníbàárà, iṣẹ́ inú ilé, àti ẹ̀kọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́. Balanced Scorecard ni wọ́n pe ọgbọ́n náà. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ tí kì í wá èrè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, Kaplan ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ṣíwájú owó.

Ní Èsìẹ́, iṣẹ́ yẹn kò fara sin: kí ère má sọnù, kí ó má bàjẹ́, kí aráyé lè mọ ìtàn rẹ̀.

Kí ère má sọnù, ẹni tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà nílẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ló bá wọn pàdé nínú igbó, àwọn ará ìlú sì ti ń bọ wọ́n tipẹ́ kí ìjọba tó gbọ́. Ọdún 1933 ni H. G. Ramshaw, tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, gbé ìròyìn wọn síta. Ọ̀pọ̀ nínú ère náà ti fọ́, orí níbí, ara lọ́hùn-ún. Phillips Stevens, ará Amẹ́ríkà, ṣa àfọ́kù jọ, ó so èyí tó bára mu pọ̀, ó ya wọ́n ní fọ́tò, ó sì kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí Ibadan University Press tẹ̀ ní ọdún 1978. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Ó ń múnú ẹni dùn pé ẹnì kan jókòó ti àwọn àfọ́kù wọ̀nyẹn títí tí orí fi padà sára.

Ìwé bẹ́ẹ̀ kọjá ohun tí ọ̀mọ̀wé ń kà. Ní ọdún 2000, ICOM gbé ìwé ìkìlọ̀ kan jáde lórí àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí olè ń lépa jù lọ. Ère Èsìẹ́ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ti Nok àti ti Ifẹ̀. Bí ère kan bá yọ sí ọjà ní Yúróòpù lónìí, fọ́tò àti ìwọ̀n tó wà lákọsílẹ̀ ni ẹ̀rí tí agbẹjọ́rò máa gbé kalẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ìlànà Object ID jáde ní ọdún 1997: ìbéèrè mẹ́sàn-án lórí ohun kọ̀ọ̀kan, àti fọ́tò. Mélòó nínú ère Èsìẹ́ ló ti ní ìdáhùn sí gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán? Nọ́ńbà tó yẹ kí ọ̀gá ibẹ̀ ní lórí ahọ́n nìyẹn.

[Ìlù díẹ̀.]

Ti ìtọ́jú náà ní òdiwọ̀n tirẹ̀. Ní ọdún 2011, ICCROM, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, àti UNESCO ṣe ìwádìí ní mùsíọ́ọ̀mù ní orílẹ̀-èdè tó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó wà nínú yàrá ìpamọ́ ló wà nínú ewu. Ìlànà RE-ORG tí wọ́n fi kojú ìṣòro yìí kò le rárá. Ó ní kí òṣìṣẹ́ lè rí ohunkóhun tí wọ́n bá béèrè láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ní kó má ṣe ṣí ju ohun méjì mìíràn kúrò kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Aago kan, bébà kan, ọ̀sán kan, wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n dúró. Àwọn tó lè kọ́ni ní irú iṣẹ́ yìí kò jìnnà, nítorí láti ọdún 1998 ni École du Patrimoine Africain, ilé ẹ̀kọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà, ti wà ní Pọ́tò-Nóvò, ní Bẹ̀nẹ̀.

NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀, ló ń darí mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́. Láti ọdún 2004 ni ètò SERVICOM sì ti ní kí iléeṣẹ́ ìjọba kọ ìlérí rẹ̀ fún ará ìlú sílẹ̀, kí wọ́n fi ìlérí náà wọ̀n ọ́n. Kí ìlérí Èsìẹ́ jẹ́ èyí tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: iye ère tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé, iye tí wọ́n yẹ̀ wò fún sísán lọ́dún yìí, iye ọmọ iléèwé Ìgbómìnà tó wọlé, iye òṣìṣẹ́ tó lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun. Owó tíkẹ́ẹ̀tì náà kò gbọ́dọ̀ ṣàìsí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kó wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n má sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Àbújá nìkan. Ìlú ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà á sì péjọ. Ibẹ̀ ni kí ọ̀gá mùsíọ́ọ̀mù ti dìde, kó ka nọ́ńbà ọdún náà lédè Yorùbá, kí àwọn tí baba ńlá wọn ti ń ṣọ́ ère náà kí ìjọba tó dé lè bi í léèrè ọ̀rọ̀.