Ìgbà wo ló yẹ ká pààrọ̀ róbà pọ́ńpù ẹ̀rọ ọkọ̀ omi?



Nínú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ wa, pọ́ńpù kékeré kan wà. Róbà oníyẹ́ ń yí nínú rẹ̀. Òun ló ń fa omi gòkè kí ẹ̀rọ lè tutù. Bí kò bá fà á mọ́, ẹ̀rọ á gbóná, á sì gan.

Ẹ máa wo omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ kíá. Ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ro ihò rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ tú pọ́ńpù. Bí ìyẹ́ róbà bá ya, tàbí tó tẹ̀ tí kò nà mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ìyẹ́ kan bá já, ẹ wá a rí, kó má baà dí ọ̀nà omi.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà náà. Yanrìn àti ẹrẹ̀ ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ti Nokoué ń jẹ róbà. Lọ́dọọdún, kí omi tó kún, ẹ fi tuntun sí i. Ẹ má tan ẹ̀rọ lórí ilẹ̀ gbígbẹ: kíá ni róbà á jóná.

Owó róbà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ. Ẹni tó kó èrò, ẹ̀mí ló kó.