Owó Ìwádìí lórí Dídènà Gbígba Ẹ̀mí Ara Ẹni láàrin Àwọn Ọ̀dọ́



Ibi tí olùwádìí ti lè rí owó fún iṣẹ́ yìí ni a ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ènìyàn tí ó lé ní 720,000 ni ó gba ẹ̀mí ara wọn ní gbogbo ayé. Láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 15 sí 29, ikú yìí ni ó wà ní ipò kẹta.

Owó wà, bí kò tilẹ̀ pọ̀. Nílé níhìn-ín, TETFund ní owó ìwádìí tí olùkọ́ yunifásítì lè bèèrè fún. Ní Amẹ́ríkà, American Foundation for Suicide Prevention, tí a dá sílẹ̀ ní 1987, ń fún àwọn olùwádìí ilẹ̀ òkèèrè náà lówó, ó sì ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wellcome ti Lọ́ńdọ̀nù ń náwó lórí ìlera ọpọlọ, ṣùgbọ́n àníyàn àníjù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti irú àrùn tí ó ń mú ènìyàn gbọ́ ohùn tí kò sí ni ó gbájú mọ́. Ẹni tí kò bá so ìwádìí rẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ asán ni ó ń ṣe.

Ìṣirò ni ó sábà máa ń dá wa dúró. Ní 1962, Tolani Asuni tẹ àbọ̀ ìwádìí lórí irú ikú yìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà jáde nínú British Medical Journal. Àkọsílẹ̀ ìjọba lórí àwọn tí ó kú ikú àìròtẹ́lẹ̀ ni ó gbé e lé. Ta ni yóò fẹ́ kí a kọ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ sínú irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn sọ ìgbìyànjú láti pa ara ẹni di ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹ̀wọ̀n ọdún kan lè tẹ̀ lé. Òfin Èkó ti 2015 ní kí a gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ni, èyí tí ó sàn jù. Ṣùgbọ́n ìdílé tí ń bẹ̀rù ọlọ́pàá yóò sọ pé ibà ni. Òwe “ikú yá ju ẹ̀sín” kò sì ràn wá lọ́wọ́ rárá. Ní tèmi, kí a yé fi kọ́ ọmọ. Nítorí náà, owó ìṣirò tí ó péye ni kí a kọ́kọ́ bèèrè.

Mo ti ka ìwé ìbéèrè tí ó pèsè fún kọ̀ǹpútà àti ìrìn-àjò, tí kò ní kọ́bọ̀ kan fún ọmọ tí ó bá dáhùn pé òun ń ronú ikú. Ìwádìí kò fi hàn pé bíbéèrè ń ti ènìyàn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá béèrè gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn. Bí a bá bi 500 akẹ́kọ̀ọ́ léèrè, ta ni yóò jókòó ti ẹni tí ó bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ náà gan-an? Owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn àti owó tẹlifóònù gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó. SURPIN ń bẹ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó fún irú ìrànlọ́wọ́ yìí. Kí a bá wọn sọ̀rọ̀ kí a tó tẹ ìwé ìbéèrè ẹyọ kan.