Ẹ Béèrè Ìwé Rẹ́jísítà: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìlera

  

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń jáde lónìí, wọ́n ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn olùkọ́ kí ẹ tó lọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè Íńdíà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn, pàápàá àwọn tó ṣiṣẹ́ ní ìlú Kolkata, tí wọ́n ń pè ní Calcutta nígbà náà. Mo yàn wọ́n nítorí pé iṣẹ́ wọn ti wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó mọ orúkọ wọn. Ẹ ti tú ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà, sínú omi fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ ti ka oògùn fólíìkì ásíìdì sọ́wọ́ aláboyún. Ọmọ Íńdíà wà nínú ìtàn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí onígbáméjì. Ní 1884, Robert Koch, ọmọ Jámánì, rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà ní Kolkata. Inú ayé dùn. Àmọ́ fún ohun tó lé ní 70 ọdún lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀rí hàn bí kòkòrò náà ṣe ń pa èèyàn. Àwọn olùwádìí a gún ẹranko ní abẹ́rẹ́ tí kòkòrò yìí wà nínú rẹ̀, ẹranko náà kò sì ní í yàgbẹ́ rárá.

Sambhu Nath De ló tú àdììtú yìí. Ọmọ agbègbè Hooghly ni, wọ́n bí i ní 1915. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Kolkata, ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà wálé. Kolkata kò fún un ní ilé ìwádìí ńlá kankan. Ó mú ehoro, ó fi okùn di ìfun rẹ̀ ní ojú méjì, ó tú kòkòrò onígbáméjì sí àárín ibi tó dì. Nígbà tó padà yẹ̀ ẹ́ wò, ìfun náà ti wú, omi tó kún inú rẹ̀ sì jọ omi ìrẹsì, bí ìgbẹ́ aláìsàn onígbáméjì gan-an. Kò dúró níbẹ̀. Ó sẹ́ omi tí kòkòrò náà ti dàgbà títí kò fi ku ẹyọ kòkòrò kan nínú rẹ̀, ó wá tú omi sísẹ́ yìí sínú ìfun ehoro mìíràn. Ìyẹn náà wú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sídìí máíkíróskópù mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Kòkòrò náà kì í jẹ ìfun. Oró tó ń tú jáde ló ń mú kí ìfun máa da omi ara síta, gbígbẹ omi yìí ló sì ń pa aláìsàn. Bí a bá lè dá omi padà kíákíá, aláìsàn á yè. De kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìròyìn Nature sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1959. Àwọn Yorùbá ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún De. Títí ó fi kú ní 1985, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì Íńdíà kankan kò fi í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Joshua Lederberg, tí òun fúnra rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel, dárúkọ De fún ẹ̀bùn náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. De kò rí i gbà. Ó dùn mí títí dòní. Àmọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó lè fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń ṣèwádìí onígbáméjì lónìí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́lé lé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan iṣẹ́ yín gan-an. Ní Kolkata yìí kan náà, dókítà kan wà tó ń jẹ́ Hemendra Nath Chatterjee. Ní 1953, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé òun ti fún aláìsàn onígbáméjì 186 ní omi iyọ̀ àti ṣúgà mu, ara wọn sì yá. Ẹ ronú wò: 1953! Bí gbogbo ayé bá ti gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ̀mí mélòó ni ì bá ti là? Wọn kò gbà á. Chatterjee kò kọ ìwọ̀n omi tó wọlé àti ìwọ̀n èyí tó jáde, kò sì sí ọ̀wọ́ aláìsàn mìíràn tó fi wé tirẹ̀. Èmi kò gbà pé àbùkù inú àkọsílẹ̀ nìkan ló fa àìnáání yẹn. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, àbùkù yẹn ni wọ́n rí dì mú. Ó di 1968, lẹ́yìn ọdún 15, kí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, David Nalin àti Richard Cash, tó ṣe ìdánwò tó ní òǹkà pípé ní Dhaka, tí àwọn dókítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Ní 1971, nǹkan bí mílíọ̀nù 10 èèyàn sá kúrò ní ìlà-oòrùn Pakistan, tó di Bangladesh, wọ́n wọ Íńdíà. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ nínú àgọ́ wọn. Dókítà àwọn ọmọdé kan, Dilip Mahalanabis, kó ọ̀wọ́ èèyàn díẹ̀ láti Kolkata lọ sí ilé ìwòsàn Bangaon, nítòsí ààlà. Yàrá méjì ni wọ́n bá níbẹ̀, tí aláìsàn kún ilẹ̀ wọn bámúbámú. Ẹni tó bá fẹ́ fi dírípù sí wọn lára, inú ìgbẹ́ àti èébì ni yóò kúnlẹ̀ sí. Dírípù ọ̀hún náà ń tán lọ, àwọn tó mọ̀ ọ́n fi sí èèyàn lára kò sì tó nǹkan.

Mahalanabis pinnu pé kí àwọn aláìsàn máa mu omi iyọ̀ àti ṣúgà dípò dírípù. Kò tíì sí àṣẹ kan láti òkè tó ní kí dókítà ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín irú rògbòdìyàn yẹn; orí ara rẹ̀ ló gbé e lé. Gílúkóòsì gíráàmù 22, iyọ̀ gíráàmù 3.5 àti sódà gíráàmù 2.5 ni wọ́n ń pò mọ́ lítà omi kan. Ní Kolkata ni wọ́n ti ń wọn ìyẹ̀fun náà sínú ọ̀rá, wọ́n wá ń tú u sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ẹ̀rọ omi nídìí. Ìyá ń bu fún ọmọ, ọkọ ń bu fún aya. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì di ti ẹbí. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 30 nínú 100 aláìsàn ló ń kú. Nígbà tí wọ́n ń mu omi yìí, ó wálẹ̀ sí 3.6 nínú 100.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbi òǹkà yẹn. Èèyàn ń kú lọ́tùn-ún lósì, ọwọ́ kò dilẹ̀, síbẹ̀ ẹnìkan ń kọ iye tó wọlé àti iye tó kú. Mahalanabis tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1973. Àjọ ìlera àgbáyé gba ọ̀nà ìtọ́jú náà, wọ́n sì gbé e kárí ayé. Ní ilẹ̀ wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tí òun náà jẹ́ dókítà ọmọdé, jà fún un nígbà tó wà nípò mínísítà ìlera láti 1985. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó síbí, ẹ rántí omi iyọ̀ òun ṣúgà. Àwọn kan nínú ọmọ tí wọ́n ń gboyè lónìí ti mu ún rí.

Àwọn mìíràn pọ̀ tí n kò ní í lè pẹ́ lórí wọn. C. V. Raman jẹ́ òṣìṣẹ́ ìṣírò owó ìjọba ní Kolkata fún ọdún mélòó kan. Kó tó lọ sí ọ́fíìsì àti lẹ́yìn tó bá dé ló máa ń lọ ṣèwádìí ìmọ́lẹ̀. Iṣẹ́ tó ṣe ní 1928 ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1930. Satyendra Nath Bose, olùkọ́ ní Dhaka, fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí Albert Einstein ní 1924 láìmọ̀ ọ́n rí. Einstein fúnra rẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Jámánì, ó sì jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Yellapragada Subbarow fọ páànù ìgbẹ́ aláìsàn ní ilé ìwòsàn kan ní Boston láti rí owó jẹun nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀wọ́ àwọn olùwádìí tó wá darí ní ilé iṣẹ́ Lederle ló ṣàwárí bí a ṣe lè ṣe fólíìkì ásíìdì, ní 1945. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn.

Onígbáméjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtàn àtijọ́: ní 2024, ó tún jà ní Èkó. Kò tíì lọ. Ibi tí wọ́n máa rán ọ̀pọ̀ nínú yín lọ, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ni, tí iná lè má sí, tí oògùn lè wọ́n. N kò ní í purọ́ fún yín pé ó máa rọrùn. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ìwé rẹ́jísítà. Bí kò bá sí, ẹ ra ìwé kan, ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ ọjọ́ orí ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, omi tó ń mu, bóyá ti kànga ni tàbí ti odò, ìwọ̀n ORS tí ẹ fún un, àti bó ṣe padà sílé. Ẹ kọ ti àwọn tó kú pẹ̀lú, kódà bí ọ̀gá kan bá ní kí ẹ má kọ ọ́. Tí ọdún bá yí po, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ fi èkejì ránṣẹ́ sí wa níbí. A ó kà á, a ó sì dá yín lóhùn.